Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mẹ́fà láti ọwọ́ Tintoretto: èwo ni kí ẹ lọ wò ní Venice?

Bí ẹ bá dárúkọ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa létí onígbàgbọ́, àwòrán kan náà ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn: tábìlì gbọọrọ tó dúró tààrà, Jésù láàárín, ọmọ ẹ̀yìn mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Iṣẹ́ Leonardo da Vinci ni. Ara ògiri ló wà ní Milan. Ẹni tí kò bá gba àyè sílẹ̀ ṣáájú kò ní wọlé, ẹni tó bá sì ráyè wọlé, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n máa fún un. Leonardo yà á lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ti Jacopo Tintoretto yàtọ̀. Ọmọ aláró ni. Venice ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1518, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1594. Láti ìgbà tí kò tíì tó ẹni ọgbọ̀n ọdún títí dé ìparí ayé rẹ̀, kò yéé padà sídìí tábìlì yìí. Ọ̀kan nínú wọn ti dé Paris, ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Saint-François-Xavier. Òmíràn wà nínú kàtídírà ìlú Lucca. Ṣùgbọ́n Venice ni wọ́n pọ̀ sí jù, mẹ́fà lára àwọn ti ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níbí fún ẹni tó ń ti London lọ lo òpin ọ̀sẹ̀, tàbí ẹni tó ti lọ ṣe ìrìn àjò mímọ́ ní Róòmù tó sì ku ọjọ́ méjì sí i lọ́wọ́. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lójúmọ́ kan á pọ̀ jù. Bó bá fi máa di ẹ̀kẹrin, ojú á ti rẹ ẹni, gbogbo Pétérù á sì ti jọra wọn.

Kí ló dé tó fi yà á tó bẹ́ẹ̀? Láyé ìgbà tirẹ̀, ìjọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Venice ní ẹgbẹ́ kan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ àbójútó Sákráméńtì Mímọ́. Ọmọ ìjọ lásán ni wọ́n, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, wọn kì í ṣe àlùfáà. Wọ́n ní ṣápẹ́ẹ̀lì tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ńlá, wọ́n sì ń fẹ́ àwòrán tó fẹ̀ tí wọ́n á gbé kọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àsìkò náà gbóná: àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá búrẹ́dì yẹn di ara Kristi lóòótọ́, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Trent sì fún wọn lésì ní 1551. Kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kẹ́yìn. Owó wọn kò sì pọ̀, àmọ́ Tintoretto kì í fi owó kékeré ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń gba iṣẹ́ níye tí ayàwòrán mìíràn kò ní gbà, á sì parí rẹ̀ kíákíá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí rárá.

Ohun mẹ́rin ni mo fi wọ̀n wọ́n. Èkíní ni owó. Èkejì ni bóyá ilẹ̀kùn máa ṣí tí ẹ bá dé, tí ìmọ́lẹ̀ á sì tó láti fi wò ó. Ẹ̀kẹta ni bó ṣe jẹ́ ọwọ́ Tintoretto fúnra rẹ̀ tó, nítorí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń bá a kun nǹkan. Ẹ̀kẹrin, èyí tí mo kà sí jù, ni ibi tí tábìlì kọjú sí. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, tábìlì kọjú sí wa gbọnrangandan. Bí ọdún ṣe ń lọ, ó ń yí i. Bó ṣe ń yí i náà ni Jésù ń jìn sẹ́yìn, tí àwọn tí kò sí nínú ìwé ìpè, ìránṣẹ́, alágbe, ajá àti ológbò, ń bọ́ síwájú. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìyókù.

Ọ̀rọ̀ owó díẹ̀ ná. Láti 2024, Venice ti ń gba owó ìwọ̀lú lọ́wọ́ àlejò tó wá tó sì lọ lọ́jọ́ kan náà, ní àwọn ọjọ́ kan tí èrò pọ̀. Yúrò 5 ló bẹ̀rẹ̀ sí. Ní 2025, ẹni tó bá fi í falẹ̀ san 10. Ẹni tó bá sùn sínú ìlú kì í san án. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lábẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Chorus, tó ń gba yúrò díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ta ìwé kan ṣoṣo tó kárí gbogbo wọn. Bí ẹ bá ti fẹ́ wọ ju mẹ́ta lọ, ìwé yẹn ni kí ẹ rà. Kí ẹ sì kó owó ẹyọ lọ́wọ́, nítorí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ jù ú sínú àpótí kékeré kí iná tó tàn sára àwòrán.

San Marcuola (1547)

Èyí ni àkọ́bí. Ọjọ́ rẹ̀ gan-an wà lára rẹ̀: 27 oṣù kẹjọ, 1547. Ó fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ, kò sì ga tó méjì. Tábìlì dúró tààrà, aṣọ funfun bò ó, Jésù wà láàárín, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń yí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn máa fi Olúwa hàn. Obìnrin méjì dúró ní ìpẹ̀kun méjèèjì: ọ̀kan gbé ife, èkejì gbé ọmọ. Ìgbàgbọ́ àti Ìfẹ́ ni wọ́n dúró fún. Òun fúnra rẹ̀ ló yà á, ọwọ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ìlú mọ̀ ọ́n ló sì hàn nínú rẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni, ọkọ̀ ojú omi sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an lórí odò ńlá Canal Grande. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: bíríkì lásán ni iwájú rẹ̀, wọn kò parí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ títí dòní. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ìkejì àwòrán yìí, níbi tí Jésù ti ń wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ti kúrò níbẹ̀. Ojúlówó rẹ̀ wà ní ilé àkójọ Prado ní Madrid, ẹ̀dà lásán ni wọ́n fi dípò. Tí a bá sì ní ká sọ òótọ́, ẹni tó bá rí San Marcuola nìkan kò tíì rí Tintoretto. Ó rí ibi tó ti gbéra ni.

San Trovaso (àwọn ọdún 1560)

Níbí ni nǹkan ti yí padà. Tábìlì náà ti di onígun mẹ́rin, ó dúró ní ìgun sí wa, àwọn ọmọ ẹ̀yìn yí i ká bí ẹni tó wà nínú yàrá kékeré kan tí òrùlé rẹ̀ kò ga. Ẹ wo iwájú pátápátá, nísàlẹ̀. Àga kan ti dojú dé. Àga olówó pọ́ọ́kú ni, irú èyí tí wọ́n fi koríko hun ìjókòó rẹ̀, tí talákà Venice ń jókòó lé nílé. Ẹnì kan ló ta kìjí dìde láti orí rẹ̀ nígbà tí Jésù sọ̀rọ̀ ìfihàn yẹn, kò sì sí ẹni tó ráyè gbé e nàró. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn láti mú ìgò wáìnì nílẹ̀, àfi bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Tintoretto ò kọ ẹ̀rù sójú ẹnikẹ́ni kí á tó mọ̀ pé ilé ti dàrú. Àga yẹn ti sọ ọ́.

Irú nǹkan báyìí lè kó ayàwòrán sí wàhálà nígbà náà. Ní 1573, Veronese, tí òun àti Tintoretto jọ ń du iṣẹ́, dé iwájú ilé ẹjọ́ Ìwádìí Ìgbàgbọ́ nítorí pé ó kó ajá, apanilẹ́rìn-ín àti àwọn ọmọ ogun Jámánì sínú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tirẹ̀. Ó dọ́gbọ́n: ó yí àkọlé padà sí àsè nílé Léfì, wọ́n fi í sílẹ̀. Àwòrán yẹn wà ní ilé àkójọ Accademia, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni sí San Trovaso. Ẹ lè wo méjèèjì lọ́sàn-án kan náà. Ti Veronese tóbi, ó sì lówó lójú gidigidi, àmọ́ ọ̀dọ̀ àga tó ṣubú ni ọkàn mi máa ń padà sí.

Ọ̀fẹ́ ni San Trovaso. Wákàtí tó fi ń ṣí fún àlejò kò pọ̀, torí náà ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má sì gbé e sí ìgbẹ̀yìn ọjọ́ yín. Inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ni Ìdánwò Antonio Mímọ́ wà, Tintoretto náà ló yà á. Níta, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ gondola ṣe.

San Polo (nǹkan bí 1570)

Ó fẹ̀ ju mítà márùn-ún lọ. Jésù kò jókòó mọ́. Ó dìde, ó na apá méjèèjì gbọọrọ, ó ń fi búrẹ́dì bọ́ ọmọ ẹ̀yìn kan lápá ọ̀tún àti òmíràn lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Apá tó nà sílẹ̀ yẹn ti jẹ́ ti orí igi àgbélébùú kó tó dé orí igi. Ẹ tún wá wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀: ọmọ ẹ̀yìn kan ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi búrẹ́dì lé alágbe kan lọ́wọ́. Ohun tí Jésù ń ṣe lórí tábìlì ni ọmọ ẹ̀yìn ń tún ṣe nísàlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Sákráméńtì tó sanwó mọ̀ pé àwọn náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, nítorí ìtọ́jú aláìní wà lára ojúṣe wọn.

Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí ni mo máa ní kí ẹni tó ń gba Ìdàpọ̀ Mímọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wá wò. Kò lókìkí tó San Giorgio, ẹ lè má bá ju ènìyàn méjì lọ nídìí rẹ̀. Abẹ́ Chorus ló wà, wákàtí rẹ̀ ṣeé gbójú lé, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì wọn kì í sábà gba àlejò lọ́jọ́ Àìkú. Owó yẹn náà kárí Ọ̀nà Àgbélébùú mẹ́rìnlá tí Giandomenico Tiepolo yà síbẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún dín díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀.

Santo Stefano (ìparí àwọn ọdún 1570)

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ṣọ́ọ̀ṣì Santa Margherita ni wọ́n ti gbé àwòrán yìí wá, ó sì wà nínú yàrá ìmúra àwọn àlùfáà pẹ̀lú Ìwẹ̀sẹ̀ àti Àdúrà nínú Ọgbà. Tábìlì wà lókè àtẹ̀gùn, alágbe àti ajá wà nísàlẹ̀. Èrò inú rẹ̀ dára, àmọ́ ọwọ́ àwọn ọmọṣẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ kò gba owó, yàrá yẹn ni Chorus ń gba tíkẹ́ẹ̀tì sí. Ẹni tó bá ti ní ìwé Chorus lè yà síbẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó máa lọ.

Scuola Grande di San Rocco (1578 sí 1581)

Ilé ẹgbẹ́ ni èyí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò. Ẹgbẹ́ Roku Mímọ́ ló kọ́ ọ, ẹni tí wọ́n máa ń ké pè nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Bí Tintoretto ṣe wọ ibẹ̀ kò yé dùn gbọ́. Ní 1564, wọ́n ní kí àwọn ayàwòrán bíi mélòó kan mú àpẹẹrẹ wá fún òkè àjà yàrá kan, kí wọ́n lè yan ẹni tó máa gba iṣẹ́. Àwọn yòókù mú àpẹẹrẹ tí wọ́n yà sórí ìwé wá. Tintoretto ti ya àwòrán ọ̀hún parí, ó sì ti dọ́gbọ́n gbé e kọ́ òkè àjà. Nígbà tí wọ́n bínú, ó ní bí òun ṣe ń ya àpẹẹrẹ nìyẹn, bí wọn kò bá fẹ́ san owó, òun fi ta Roku Mímọ́ lọ́rẹ. Òfin ẹgbẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀bùn fún ẹni mímọ́ wọn. Ní 1577, òun àti wọn fẹnu kò sí owó dúkátì 100 lọ́dọọdún títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ó sì ń ya mẹ́ta fún wọn lọ́dún.

Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti 1575 sí 1577 ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ nígbà tó ya Oúnjẹ Alẹ́ ti ibẹ̀. Ìlú ṣì ń ṣọ̀fọ̀; Titian, àgbà ayàwòrán wọn, wà lára àwọn tó kú ní 1576. Ẹ wá wo ẹni tó wà níwájú àwòrán: alágbe méjì, ọkùnrin àti obìnrin, lórí àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ajá kan. Wọ́n jókòó síbẹ̀ bí àwọn tó ń dúró de ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà níbi ìnáwó. Àwọn ló tóbi jù nínú àwòrán náà. Jésù jìn sẹ́yìn, ó kéré, ẹ ó wá a kí ẹ tó rí i, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni àwọn ìránṣẹ́ ti ń kó àwo kiri nínú ilé ìdáná. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé ó ti fi Jésù sínú igun jù. Èmi ò gbà. Tintoretto gbé wa sí ibi tí alágbe wà, kí á máa wo tábìlì láti ibẹ̀.

Ìwé ìwọlé jẹ́ nǹkan bíi yúrò 10, òun ló wọ́n jù lẹ́nu ọ̀nà nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n òun náà ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù: ilé àlejò ni, ó ń ṣí lójoojúmọ́ àyàfi ọdún ńlá bíi mélòó kan. Dígí wà níbẹ̀ tí ẹ fi lè wo òkè àjà láìká ọrùn sẹ́yìn. Lókè náà ni Mósè ti ń fi ọ̀pá lu àpáta tí omi sì ń ṣàn, tí mánà ń bọ́ láti ọ̀run. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwòrán ti pọ̀ jù. Oúnjẹ Alẹ́ jẹ́ ọ̀kan péré lára ògiri yàrá òkè, Ìkànmọ́gi ti 1565 tó wà nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ sì lè gba gbogbo ojú yín. Bó bá ṣe Oúnjẹ Alẹ́ lẹ bá wá, ẹ wò ó ṣáájú kí ẹ tó wo nǹkan mìíràn.

San Giorgio Maggiore (1592 sí 1594)

Èyí ni gbogbo ènìyàn mọ̀, òun ló sì ṣe kẹ́yìn. Àwọn mọ́ńkì ìlànà Benedikti ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì funfun tí Palladio ṣètò rẹ̀ sórí erékùṣù tó kọjú sí gbàgede Marku Mímọ́. Tábìlì ti yí tán pátápátá: ó gba ìgun lọ sínú òkùnkùn. Fìtílà kan so rọ̀ lókè, iná rẹ̀ ń jó fùkẹ̀fùkẹ̀, èéfín ń gòkè lára rẹ̀. Ẹ tẹjú mọ́ èéfín yẹn. Ìyẹ́ wà nínú rẹ̀. Áńgẹ́lì ni, ara wọn mọ́ gaara débi pé ẹ lè rí òkùnkùn yàrá gba inú wọn. Ìmọ́lẹ̀ kejì ń ti orí Jésù jáde, òun dìde dúró, ó ń fi búrẹ́dì bọ́ ọmọ ẹ̀yìn kan. Ìmọ́lẹ̀ yí orí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ká àfi ẹnì kan, Júdásì, tó dá jókòó sí apá ọ̀dọ̀ wa tábìlì. Níwájú pátápátá, ìránṣẹ́bìnrin kan kúnlẹ̀ tí apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ológbò kan sì ń yọjú sínú apẹ̀rẹ̀ náà. Òun àti ológbò rẹ̀ kò rí áńgẹ́lì kankan. Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ní ògiri kejì tó dojú kọ ọ́, Tintoretto ya àwọn ọmọ Ísírẹ́lì àti mánà nínú aginjù, kí àlùfáà tó wà nídìí pẹpẹ lè ní àkàrà àtijọ́ lápá kan, àkàrà tuntun lápá kejì. Ìṣòro wa nìyẹn. Ojú àlùfáà ló ṣe é fún. Àwa àlejò ń wò ó ní ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn ibi tí wọn kì í jẹ́ ká kọjá. Tábìlì tó dà bí ẹni pé ó ń yọ̀ lọ nínú ìwé á wá tọ́ díẹ̀ tí ẹ bá dúró síbẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi fọ́tò ìwé ṣèdájọ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò dáa bí ọjọ́ bá ti ń lọ.

Lórí owó, ẹ ṣọ́ra. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, àmọ́ ẹsẹ̀ kò dé ibẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi kan jẹ́ yúrò 9.50; bí ẹ bá ra ti lílọ àti ti àbọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yúrò 19 ti lọ, ó ju owó San Rocco lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan, yúrò 25, ló mọ́gbọ́n wá bí ẹ bá tún fẹ́ wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ náà.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ní wákàtí méjì péré tí kò sì mọ ìgbà tó tún máa wá, San Rocco ni kó lọ. Ilẹ̀kùn á ṣí, kò sì ní jáde lọ́wọ́ òfo, bí ẹsẹ̀ tiẹ̀ dùn ún. Ẹni tí owó ká lọ́wọ́ kò, kó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí San Marcuola àti San Trovaso, kò ní ná kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán gbọ́dọ̀ rí San Marcuola àti San Giorgio lọ́jọ́ kan náà, àkọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìparí, kó lè rí ohun tí ọdún márùndínláàádọ́ta ṣe sí tábìlì kan. Ìdílé tó ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, ẹ mú wọn lọ wá ológbò San Giorgio. Ọkọ̀ ojú omi gan-an á ti dùn mọ́ wọn. Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bọ̀ láti Róòmù, San Polo ni mo fọwọ́ sí fún yín, lọ́jọ́ tí kì í ṣe Àìkú.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ kan gbáko ló wà, ẹ má ṣe fi San Giorgio bẹ̀rẹ̀, á sọ ìyókù di yẹpẹrẹ lójú yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti San Marcuola láàárọ̀, ẹ gba San Polo kọjá, ẹ jẹun, kí ẹ dé San Trovaso nígbà tó bá ń ṣí. Èbúté Zattere kò jìn sí ẹ̀yìn ibẹ̀. Ọkọ̀ nọ́ńbà 2 á gbé yín láti ibẹ̀ dé San Giorgio kí ìmọ́lẹ̀ tó lọ.